Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Ìfẹ̀yìntì àti Góòlù

Láti ìgbà tí áúnsì góòlù kan ti ré kọjá $4,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú-ewé yìí ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n lè kọ́ fún ayálégbé ni àwọn òǹkàwé wa n'Íbàdàn máa ń béèrè pé ṣé kí àwọn fi owó ìfẹ̀yìntì rà. Góòlù ló kù tí wọ́n ń béèrè báyìí. A ṣa àwọn tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn jọ. Àdúgbò la kọ, a ò kọ orúkọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, ọmọ ọdún 57. Ọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní ilé-iṣẹ́ òun lè bá wa gbé gbogbo owó inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì (RSA) wa sínú góòlù kí náírà má baà jẹ ẹ́ tán. Ó ní ká kún fọ́ọ̀mù kan, ká fún òun ní nọ́ńbà PEN wa (nọ́ńbà àkáǹtì RSA) àti NIN, ká sì san 5% ṣáájú. Ṣé òótọ́ ni? — Ìkòlàbà

Irọ́ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó rí nọ́ńbà PEN yín.

Owó yín ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń darí owó ìfẹ̀yìntì yín, ni ó ń pinnu ibi tí wọ́n máa fi owó náà ṣòwò sí, ṣùgbọ́n kò gbé e sọ́wọ́. PFC, ilé-iṣẹ́ ìpamọ́ owó tó dá dúró lọ́tọ̀, ló ń tọ́jú owó náà gan-an. PenCom, àjọ ìjọba lórí owó ìfẹ̀yìntì, ló ń sọ irú nǹkan tí wọ́n lè fi rà àti ìwọ̀n tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá. Bí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ṣe tò ó nìyẹn. Kò sí ibì kankan nínú ètò yìí tí òṣìṣẹ́ ti lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi owó òun ra góòlù fún òun. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ò pọ̀. Ẹ lè yan irú fọ́ǹdù tí owó yín wà: ẹni tó jẹ́ ọdún 49 sísàlẹ̀ máa ń wà ní Fund II, ó sì lè béèrè fún Fund I tó ń fi owó púpọ̀ sí ṣíà, ẹni tó ti pé 50 wà ní Fund III, ẹni tó ti fẹ̀yìntì wà ní Fund IV, ẹni tí kò fẹ́ èlé lè béèrè fún Fund VI. Ẹ sì lè kúrò lọ́dọ̀ PFA kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn yẹn, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ gbájúẹ̀ ń fi bojú, torí pé ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "àkáǹtì ṣeé gbé" á rò pé ó ṣeé gbé lọ síbikíbi.

Kí ẹ tó fẹ̀yìntì, owó tó lè jáde nínú RSA ní ọ̀nà tó mọ níba. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láì tíì pé 50, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba 25%. Ẹni tó fẹ́ ra ilé pẹ̀lú owó yíyá lè fi 25% ṣe ìdá tirẹ̀. Láti ọdún 2022 nìyẹn. Èyí tó lè kan góòlù ni owó àfikún tí òṣìṣẹ́ fínnú-fíndọ̀ dá lé 8% tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ (10% ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un). Ìdajì owó àfikún yìí ni ẹ lè gbà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì. Ìdajì yòókù dúró de ìfẹ̀yìntì. Bí owó náà ò bá tíì lo ọdún márùn-ún, wọ́n á yọ owó-orí lórí èrè tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ bi PFA yín ní ọjọ́ tí wọ́n gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Mo ti fẹ̀yìntì, mo sì ti gba owó tabua mi, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà. Mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ra góòlù kí n sùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Akóbọ̀

Bàbá, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ rà á. Tí a bá wà nípò yín, a ò ní kọjá 10% sí 15%.

Góòlù kì í bímọ. Kò san èlé, kò pín èrè, iye tí ẹlòmíì bá fẹ́ rà á ní ọjọ́ tí ẹ nílò owó ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á ní oṣù Kìíní ọdún 1980, nígbà tó gun nǹkan bíi $850, rí i tó sọ̀kalẹ̀ dé bíi $250 ní ọdún 1999. Ẹni tó rà á ní bíi $1,900 ní ọdún 2011 rí i ní nǹkan bíi $1,050 ní ìparí ọdún 2015. Ọmọ ọdún 30 lè dúró de ìgbà tó máa padà gòkè; ẹni tó ń fi owó yìí ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò lè dúró.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tiwa ní Nàìjíríà ní apá kejì. Dọ́là ni wọ́n fi ń pe owó góòlù káàkiri ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tíì tó ₦480 ní báńkì. Ní ọdún 2024 ó kọjá ₦1,500. Ẹni tó ní góòlù nílé láàárín ìgbà yẹn rí i tí iye rẹ̀ ní náírà di ìlọ́po mẹ́ta, kódà ká ní iye góòlù ní dọ́là ò kúrò lójú kan ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí góòlù ń ṣe fún ará Nàìjíríà gan-an nìyẹn: ó ń bá dọ́là rìn. Ṣùgbọ́n bí náírà bá lágbára fún ọdún méjì, tí góòlù ò sì gòkè ní dọ́là, ẹ̀yìn ni góòlù yín máa rìn sí ní náírà.

Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ ka iye tí ilé ń ná lóṣù, ẹ yọ iye tí PFA ń san fún un yín lóṣooṣù kúrò, kí ẹ sọ àlàfo yẹn di ìlọ́po méjìlá, kí ẹ fi iye náà sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè tó o láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó bá tẹ̀ lé e lè wọ FGN Savings Bond ti ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè: ₦5,000 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta ló wà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé. Góòlù ló kẹ́yìn. Ẹ sì mọ̀ pé bí góòlù bá wà ní $4,000 tí dọ́là wà ní ₦1,500, ₦900,000 (15% mílíọ̀nù mẹ́fà yín) kò ra tó gíráàmù márùn-ún góòlù pọ́ńbélé (kárátì 24). Kò pọ̀ lójú rárá. Ẹ ra ẹyọ kan tó jẹ́ gíráàmù mẹ́rin dípò ẹyọ gíráàmù kan-kan mẹ́rin, torí owó ìṣe àti owó pálí kò dínkù bí góòlù bá kéré. Gíráàmù kan ló máa ń wọ́n jù.

Oníṣòwò aṣọ ni mí ní Gbági Tuntun. Mi ò ní PFA, mi ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Mo fẹ́ máa ra góòlù díẹ̀díẹ̀ ní Dùgbẹ̀ de ọjọ́ ogbó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iye tí wọ́n pè fún mi dáa?

Ìyá wa, ìṣirò yìí ṣeé ṣe lórí fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo iye áúnsì góòlù kan ní dọ́là lọ́jọ́ náà. Áúnsì ti góòlù jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28 tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Ẹ fi 31.1 pín in, kí ẹ sọ ọ́ di náírà. Ká ní $4,000 ni góòlù, ₦1,500 sì ni dọ́là: $4,000 pín sí 31.1 jẹ́ $128.6, ìyẹn ₦192,900 fún gíráàmù kan tí kárátì rẹ̀ jẹ́ 24.

Lẹ́yìn náà ni kárátì. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára góòlù ń sọ ìdá tó jẹ́ góòlù gidi nínú ẹgbẹ̀rún kan: 916 ni kárátì 22, 875 ni 21, 750 ni 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Èyí tó kù sábà máa ń jẹ́ kọ́pà tàbí fàdákà. Nínú àpẹẹrẹ wa, gíráàmù kan kárátì 22 yóò jẹ́ ₦176,700, ti kárátì 18 yóò sì jẹ́ nǹkan bíi ₦144,700. Bí ẹnikẹ́ni bá pe iye tó kéré gan-an sí èyí, ẹ má rò pé ẹ ti rí ọ̀pọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta góòlù gidi ní ìdajì owó.

Èyí tó ń jẹ àwọn èèyàn lówó ju ayédèrú lọ ni owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ṣéènì kárátì 18 tó wọn gíráàmù 20. Góòlù inú rẹ̀ jẹ́ ₦2,894,000. Bí òǹtajà bá fi 15% lé e fún iṣẹ́ ọwọ́ àti èrè, ẹ san ₦3,328,100. Ẹ mú un padà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun máa rà á ní 10% dín sí iye góòlù inú rẹ̀: ₦2,604,600. Ó ti lé ní ₦720,000 tó lọ láàárín ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni ò sì ṣe jìbìtì. Góòlù gbọ́dọ̀ gòkè ní nǹkan bíi 28% kí ẹ tó rí owó yín padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ ni ṣéènì olódòdó àti yẹtí olókùúta. Ẹ rà wọ́n fún òde àríyá, ẹ má kà wọ́n mọ́ owó ogbó. Tí owó ogbó bá ni, ẹ̀gbà ọwọ́ pẹlẹbẹ tí kò ní ọnà, tàbí góòlù pẹlẹbẹ kékeré tó wà nínú pálí pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ló yẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé: "Tí mo bá gbé e padà wá lọ́la, èló lẹ máa rà á lọ́wọ́ mi?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ń fi òǹtajà hàn. Ẹ bi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ẹ rí i pé ìwọ̀n wà ní òdo kí wọ́n tó gbé góòlù lé e, pé ó ń fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn ààmì (bíi 12.40), àti pé wọn ò wọn òkúta mọ́ góòlù. Kí rìsíìtì sọ ìwọ̀n gíráàmù, kárátì, iye gíráàmù kan lọ́jọ́ náà, owó iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, àti nọ́ńbà fóònù. Rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "ṣéènì góòlù kan" sí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti díẹ̀díẹ̀ tí ẹ wí, ẹ má fi èsúsú sílẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ kan ò lè ra góòlù tí kò ní ṣòfò sínú owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ máa dá èsúsú yín, kí ẹ rà á ní ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá kó o.

Ọkọ mi ra ṣéènì fún mi, wọ́n ní góòlù Ítálì ni. Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé láì bà á jẹ́? — Chállẹ́ńjì

Ẹ lè ṣe é. "Góòlù Ítálì" tàbí "góòlù Dubai" kò sọ kárátì fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjà, ó lè túmọ̀ sí góòlù gidi, ó sì lè túmọ̀ sí idẹ tí wọ́n fi omi góòlù pa. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà lẹ́bàá ìkọ́ rẹ̀. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: bí ṣéènì fúnra rẹ̀ bá fò mọ́ ọn, góòlù kọ́ (ìkọ́ nìkan lè fà díẹ̀, torí irin kékeré máa ń wà nínú rẹ̀). Bí kò bá fà, ìyẹn ò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan, nítorí idẹ àti kọ́pà kì í fà.

Èyí tó dáa jù ni omi. Ẹ wá ìwọ̀n kékeré oníbátìrì tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ wọn ṣéènì ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi lé ìwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so ṣéènì, ẹ rì í bọ omi pátápátá láì jẹ́ kó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbọn atẹ́gùn tó há sínú rẹ̀ dànù. Ẹ fi nọ́ńbà tó yọ pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ṣéènì tó wọn 12.40 ní gbígbẹ, tí omi fi 0.80 hàn, jẹ́ 15.5, èyí sì bá kárátì 18 mu. Kárátì 22 máa ń wà ní bíi 17.5 sí 18, góòlù kárátì 24 wà ní 19.3. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 8.5, idẹ ni.

Ó máa ń ṣì nígbà tí ṣéènì bá ní ihò nínú tàbí òkúta lára, torí wọ́n á fà á sílẹ̀. Kò sì lè mú tungsten, irin kan tí wíwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti góòlù dọ́gba, tí àwọn oníjìbìtì ń fi sínú góòlù pẹlẹbẹ ńlá. Fún èyí tó bá wọ́n, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù tó ní òkúta dúdú àti ásíìdì: ó máa fi góòlù fa ilà sórí òkúta, á kán ásíìdì kárátì 18 lé e, bí ilà bá parẹ́, kò tó 18.

Alhaja kan ní kí n dúró de àwọn tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà kí n ra tiwọn. Ṣé ó sàn? — Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ó lè sàn, torí owó iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ sábà máa ń kéré. Ṣùgbọ́n kárátì 21 ló pọ̀ jù ní ọjà Saudi, 875 ni ẹ máa rí lára rẹ̀. Ẹ má san owó 22 fún un. Ẹ béèrè rìsíìtì ibi tí wọ́n ti rà á.

Ṣé sàká wà lórí góòlù tí mo ń tọ́jú de ọjọ́ ogbó? — Ọjà'ba

Ó wà. Nísáàbù góòlù, ìyẹn ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ pé kí sàká tó wọ̀ ọ́, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 85 góòlù pọ́ńbélé. Bí tiyín bá jẹ́ kárátì 22, ó di nǹkan bíi gíráàmù 93. Bí ó bá jẹ́ 18, ó di 113. Tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún Hijira kan sì yí lé e, 2.5% ni ẹ máa yọ, yálà góòlù tàbí owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ń yọ ọ́, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Gíráàmù 100 kárátì 24, gíráàmù 2.5 ni sàká rẹ̀. Ti èyí tí obìnrin ń wọ̀ ní ti gidi, ẹ̀kọ́ Máálíkì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ò ka sàká sí i. Ti Hánáfì kà á. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tọ́jú bí owó ni ẹ béèrè, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn yẹn. Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra góòlù ní àsansílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ bi àáfáà yín kọ́kọ́, torí pé ọwọ́-sí-ọwọ́ ni pàṣípààrọ̀ góòlù sí owó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú ẹ̀sìn.

Mi ò fẹ́ gbé góòlù sílé nítorí àwọn adigunjalè. Ẹnì kan ní èèyàn lè ra góòlù ní ọjà ṣíà. — Olùkọ́, Àpáta

Ó wà níbẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2011. NewGold ni orúkọ rẹ̀ lórí NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹyọ kan dúró fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún áúnsì góòlù. Owó ìtọ́jú tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún ti mú kó dín díẹ̀ sí i. Alágbàtà ṣíà tó ní ìwé àṣẹ SEC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò) ló máa ṣí àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ ṣíà yín sí, fún un yín pẹ̀lú BVN, NIN àti fọ́tò.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni iye. Àwọn tó ń tà á, tó sì ń rà á, kò pọ̀ lọ́jà wa, nítorí náà iye tí ẹ rí lórí bọ́ọ̀dù lè jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín: $4,000 pín sí 100 jẹ́ $40, ní ₦1,500, ₦60,000 ni, kó dín díẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ₦75,000, ẹ dúró. Ẹ má sọ fún alágbàtà pé "ẹ bá mi rà á ní iyekíye". Ẹ dárúkọ iye tí ẹ ò ní kọjá. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tà náà, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí oníbàárà tó yọ. Owó ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ní Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé. Ọmọ ọdún 61 ni mí, mo ní ìwé ọmọ Amẹ́ríkà. 401(k) mi, owó ìfẹ̀yìntì tí mo dá níbi iṣẹ́, ṣì wà lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ mi àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ń pè mí pé kí n sọ ọ́ di góòlù, pé wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi n'Íbàdàn, mi ò sì ní san owó-orí. — Jẹ́ríkò

Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn ni wọ́n sì fi ń dẹ pàkúté.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òfin Amẹ́ríkà gbà kí irú IRA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì àdáni) kan tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ń darí ní góòlù nínú. Kì í ṣe góòlù èyíkéyìí: góòlù gbọ́dọ̀ tó 99.5%, fàdákà 99.9%, platinum àti palladium 99.95%. Owó wúrà American Eagle nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda láì tó bẹ́ẹ̀. Kárátì 22 ni. Ẹ̀ṣọ́ ò wọ̀ ọ́ rárá.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣí IRA náà kọ́kọ́ lọ́dọ̀ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tí IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn tó ń darí 401(k) fi owó ránṣẹ́ tààrà sí ibẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé sọ̀wédowó sí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, fún àkáǹtì yín. Ẹ má jẹ́ kí owó gba ọwọ́ yín kọjá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí yín, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ 20% fún owó-orí, ẹ sì ní ọjọ́ 60 láti fi gbogbo rẹ̀ sínú IRA tuntun, títí kan 20% tí ẹ ò tíì rí gbà. Ẹni tó gba $80,000 lórí $100,000 gbọ́dọ̀ wá $20,000 níbòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, $20,000 yẹn di owó tí ó ná, owó-orí á sì wọ̀ ọ́. Láti Ìbàdàn, pẹ̀lú bí ìwé ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ọjọ́ 60 kéré.

Irọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n á fi góòlù ránṣẹ́ sí yín. Góòlù IRA gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ owó-orí Amẹ́ríkà dájọ́ pé obìnrin tó kó American Eagle inú IRA rẹ̀ sílé ti gba owó náà, ó sì jẹ owó-orí lórí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí góòlù bá kúrò lọ́wọ́ wọn bọ́ sí tiyín ni owó-orí dé. Ẹ ti kọjá ọdún 59 àbọ̀, nítorí náà 10% ìjìyà ò kàn yín, ṣùgbọ́n owó-orí kàn yín. (Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì gbé ibẹ̀ mọ́, 30% ni wọ́n sábà máa ń yọ, kò sí àdéhùn owó-orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tó lè dín in kù.) Láti ọdún 75 (73 ni fún àwọn tí wọ́n bí láàárín 1951 sí 1959), òfin á máa fipá mú yín yọ iye kan lọ́dọọdún, ẹni tí gbogbo IRA rẹ̀ jẹ́ góòlù ní láti tà lára rẹ̀ tàbí kó gba góòlù náà fúnra rẹ̀ nígbà náà, yálà ọjà dáa tàbí kò dáa.

Ẹ tún bi wọ́n ní owó: owó ìṣíde, owó ìtọ́jú ọdọọdún, owó yàrá ìfipamọ́, àti ohun tí wọ́n fi lé orí iye góòlù. Èyí tó kẹ́yìn ló burú jù. Àwọn tó ń pe èèyàn lórí fóònù máa ń ti owó wúrà "olówó iyebíye" síni lọ́rùn, tí wọ́n ń tà ní iye tó ga gan-an ju góòlù inú rẹ̀ lọ. CFTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ irú ọjà yìí, ti kìlọ̀ nípa wọn léraléra. Tí góòlù ni ẹ fẹ́ lóòótọ́, ẹ lè ra fọ́ǹdù góòlù tó wà ní ọjà ṣíà nínú IRA lásán, owó ìtọ́jú rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ ò sì nílò ẹni tó ń pè yín.

Ọmọ mi ń ta XAUUSD lórí fóònù, ó ní góòlù náà ni, kí n fún òun ní owó gíráṣúítì mi. — Mọ́kọ́lá

Góòlù kọ́. XAUUSD jẹ́ iye góòlù ní dọ́là; tẹ́tẹ́ lórí iye yẹn ni ó ń ta, pẹ̀lú owó àyálò. Níbi tí $100 bá ti ń gbé $10,000, kí góòlù yí lòdì sí yín ní 1% péré ni owó yín fi máa tán, góòlù sì máa ń yí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá yín ṣe é, tí òun á máa san èrè kan pàtó lóṣù, ẹ rántí CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 àti bí àwọn èèyàn ṣe ya lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó. Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ojú-òpó SEC. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnì kan ní Iléṣà fẹ́ ta góòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà fún mi ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ má rà á. Ríra àti níní góòlù tútù láti ibi ìwakùsà gba ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007. Láìsí i, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á lẹ jọ wà nínú ẹ̀sùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ò lè mọ iye tó máa kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ ọ.

Fàdákà ńkọ́? Ó rọjú ju góòlù lọ. — Mọ́níyà

Ó rọjú, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń dúdú, ó sì ń fò sókè-sódò ju góòlù lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $50 ní ọdún 1980 àti ní ọdún 2011, ó sì wà ní nǹkan bíi $12 ní oṣù Kẹta ọdún 2020. N'Íbàdàn, kí ẹ tó rí ẹni tó máa rà á padà ní iye tó bójú mu, ẹ̀yin náà á ti sú. Ẹ fi sílẹ̀.

Níbo ni kí n tọ́jú èyí tí mo ti rà sí, báwo sì ni àwọn ọmọ mi ṣe máa rí i? — Bódìjà

Àwọn báńkì kan máa ń yá oníbàárà ní àpótí onírin. Ẹ bi tiyín bóyá ẹ̀ka wọn n'Íbàdàn ní, èló ni lọ́dún, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ mọ̀ pé báńkì kì í ṣe onígbọ̀wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, náà ò sì dáàbò bo góòlù. Owó tó wà nínú àkáǹtì ni wọ́n ń dáàbò bò, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà ní báńkì ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ ìdáàbòbò, ẹ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ góòlù náà sínú ìwé pẹ̀lú iye rẹ̀. Ìwé tó kàn sọ "ẹrù ilé" sábà máa ń ní iye tí kò ní kọjá lórí ẹ̀ṣọ́.

Ní ti àwọn ọmọ: owó tó wà ní RSA ti ní orúkọ ajogún nínú ìwé, góòlù inú àpótí ò ní. Ẹ ya fọ́tò ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kí nọ́ńbà hàn, ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ lọ́yà tó kọ ìwé ìhágún yín. Kí ìwé náà sọ gíráàmù àti kárátì, kì í ṣe "góòlù mi" lásán, torí nígbà tí ẹbí bá pé jọ, ẹni tó kọ́kọ́ ṣí àpótí ló máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ góòlù orí fóònù ni, bíi PAXG tí ẹyọ kan rẹ̀ dúró fún áúnsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò ìwé tí wọ́n fi èdìdì dì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìhágún. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, ilé-ẹjọ́ lè fi gbogbo ẹ̀tọ́ fún àwọn ọmọ yín, síbẹ̀ wọn ò ní lè ṣí i.